Ọjọ́ mẹ́fà lórí òkè Scotland pẹ̀lú ọmọ méjì: ẹ̀yin náà ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Méjì, Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan bèèrè níbí bóyá ó ṣeé ṣe kéèyàn kó ọmọ gun òkè fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n máa sùn nínú àgọ́. Ó ṣeé ṣe. A ṣe é lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, èmi, bàbá wọn, ọmọkùnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 8. Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe kan tí mi ò fẹ́ kí ìyá mìíràn ṣe, ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

West Highland Way, ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ kan ní Scotland, la gbà. Láti Milngavie lẹ́bàá Glasgow dé Fort William, 96 máìlì ni. Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 8 ò lè gbé ìyẹn, nítorí náà ìparí rẹ̀ nìkan la rìn: a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Glasgow, a sọ̀ ní Bridge of Orchy, ibẹ̀ sí Fort William ku bíi 36 máìlì. Rélùwéè wà níbi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ó wà níbi tí ẹ ó parí sí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ò sí ńbẹ̀ rárá. Òfin ilẹ̀ tí Scotland ṣe ní 2003 sì fún èèyàn láyè láti pàgọ́ sórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gbalasa, bí kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Etí adágún Loch Lomond nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn ibì kan wà ńbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ láti oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án.

Bàbá wọn gbé àgọ́ àti sítóòfù, èmi gbé oúnjẹ. Ọmọkùnrin gbé aṣọ rẹ̀ àti àpò tó ń sùn sínú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ gbé omi àti bisikíìtì tirẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gàrí, kúlíkúlí, mílíìkì oníyẹ̀fun, núúdù, àti ẹja gbígbẹ tí mo ti gún mọ́ ata láti ilé. Ẹ má fojú kéré gàrí lórí òkè o. Kò wúwo, kò bèèrè iná, ó sì ń dúró nínú ọmọ. Omi odò la ń lò, àmọ́ a ń hó o ká tó jẹ́ kó tutù, torí àgùntàn àti àgbọ̀nrín ń jẹ̀ lókè odò.

Alẹ́ àkọ́kọ́, Inveroran la sùn, kò ju máìlì mẹ́ta lọ. Kantíkantí ló kí wa káàbọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ti dáwọ́ dúró nírọ̀lẹ́, wọ́n á bò yín bí ìgbà tí wọ́n da eérú lé èèyàn lórí. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì ìbòjú fún gbogbo orí tó wà nínú ilé.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ wà. Láti Inveroran dé Kingshouse, máìlì mẹ́wàá, Rannoch Moor lẹ ó là kọjá. Irà lápá ọ̀tún, irà lápá òsì, kò sí ilé, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí igi tí èèyàn lè sá òjò sí. Kí a tó gbéra láàárọ̀, mo di ọmọbìnrin mi ní bàtà, mo ní, “Akíkanjú ọmọ kì í ráhùn o.” Ó ní, “Mo ti gbọ́, Mọ́mì.”

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Nígbà tí a dé Bà Bridge, bíi ìdajì ọ̀nà, mo rí i pé ó ti dákẹ́ orin. Mo bi í léèrè, ó ní kò sí nǹkan. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bíi máìlì kan sí i kí bàbá rẹ̀ tó gbé e jókòó sórí òkúta, tó tú bàtà rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀. Ìléròrò ibẹ̀ ti bẹ́, awọ rẹ̀ ká sẹ́yìn bí èèpo àlùbọ́sà, abẹ́ rẹ̀ pọ́n yòò. Òkúta kékeré kan, kò tó hóró ìrẹsì, bọ́ sílẹ̀ láti inú ìbọ̀sẹ̀ náà. Mo ní kí ló dé tí o ò sọ. Ó wò mí lójú: “Ẹ ní kí n má ráhùn.”

Ẹ̀yin ará, mo sunkún. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi yìí kan náà ni mo wá kọ́ ọmọ mi ní ìdákẹ́jẹ́.

A fọ ojú ọgbẹ́ náà, a lẹ pílásítà mọ́ ọn, ó wọ sálúbàtà tó fẹ́ máa wọ̀ nídìí àgọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba báàgì rẹ̀ láìjẹ́ pé a rán an. Máìlì mẹ́rin tó kù gbà wá ní wákàtí mẹ́rin. Ní Kingshouse, àgbọ̀nrín wá dúró nítòsí àgọ́ wa, òkè Buachaille Etive Mòr ga fíofío lẹ́yìn wọn, àmọ́ ọmọbìnrin mi ti sùn kí gàrí tó rọ̀. A sinmi níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àtìgbà náà, òun ló ń ṣíwájú, àwa ń tẹ̀ lé e. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa á jókòó, a ó bọ́ bàtà, kálukú á sọ ibi tó ń dùn ún, bàbá wọn ló sì ń kọ́kọ́ sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ pé orúnkún ń ro òun, àwọn ọmọ yanu. Wọn ò mọ̀ pé nǹkan kan lè dun bàbá.

Báyìí la ṣe gun Devil's Staircase, tó fi bíi 550 mítà ga ju òkun lọ, ibi tó ga jù lójú ọ̀nà náà. Ọmọbìnrin mi ń ka kọ́nà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gùn ún. A sùn ní Kinlochleven, a tún pín ọ̀nà tó kù sí méjì, a pàgọ́ sáàárín òkè ní Lairigmor. Fort William, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ará Oǹdó

Ẹ kú ewu o, Ìyá Méjì. Tèmi ò tó tiyín, Òkè Ìdànrè ni. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sí i lọ́nà. Mo fẹ́ kí ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, rí ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ tó wà lókè, mo bá ń fà á lọ́wọ́ kọjá àwọn ibi ìsinmi. Lójijì ni iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fà. Bàbá tó ń mú wa lọ jókòó tì í, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà. Ó ní, “Àwọn tó ń gbé orí òkè yìí náà máa ń sinmi, ọ̀gá.” Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níbẹ̀.

Bàbá Ṣẹ́gità, Atlanta

Appalachian Trail, ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà níbí, ni tiwa, láti Springer Mountain ní Georgia, òru mẹ́ta. Béárì wà ńbẹ̀, nítorí náà gbogbo oúnjẹ la máa ń so rọ̀ sókè kí a tó sùn. Lóru ọjọ́ kejì, ọmọ mi jí mi, ó ń gbọ̀n. Ó ní ṣokoléètì wà nínú àpò ṣòkòtò òun, òun gbàgbé ni, ẹ̀rù ń ba òun láti sọ. Mi ò jágbe mọ́ ọn. A jọ wọ bàtà, ó gbé tọ́ọ̀ṣì, a lọ so ó mọ́ èyí tó kù.