Àbúrò mi ní Calgary fẹ́ gun òkè oníyìnyín, wọ́n ní ewu rẹ̀ jẹ́ 3 nínú 5, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì_Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Àkúrẹ́ níbí ni mo wà, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Calgary ní Kánádà pè mí láàárọ̀ yìí pé òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta máa gun òkè Rocky ní Sátidé, kì í ṣe ibi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń bójú tó o, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún tẹ́nikẹ́ni ò sí ni. Mo ní ṣé yìnyín ò ní ya lù yín, ó ní wọ́n ti kéde ewu rẹ̀, pé 3 nínú 5 ni, pé àárín méjì náà nìyẹn, oòrùn á ràn, ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá sì wà nílẹ̀. Mi ò dé ibi tí yìnyín ti ń bọ́ rí, mi ò mọ èsì tí màá fún un. Ṣé lóòótọ́ ni pé 3 ò fi bẹ́ẹ̀ léwu?

ỌmọOndó_Alberta
Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn. Ẹ sọ fún un pé 3 yẹn gan-an ni ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kú. Tó bá di 4 tàbí 5 ẹ̀rù á ba gbogbo wọn, wọ́n á jókòó sílé, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 3, wọ́n á ní ó ṣe é lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó bá tẹ ibi tí ò yẹ kó tẹ̀ lè já gbogbo ẹ̀ lulẹ̀. Nínú ẹni 10 tí avalanche, ìyẹn yìnyín tó ya lulẹ̀ láti orí òkè, bò, bíi 9 ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ lọ ló já a.

Mo gbẹ́ ihò sínú yìnyín lẹ́ẹ̀kan kí n lè fojú ara mi rí i. Òkè rẹ̀ le bíi páálí, àmọ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ó rí bíi ṣúgà, mo bù ú, ó ń dà láàárín ìka mi bíi gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ, hóró kan ò lẹ̀ mọ́ ìkejì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gìnnìtìn ló ń fà á, yìnyín ò tíì pọ̀, òtútù mú gan-an lókè, ilẹ̀ sì móoru jù ú lọ, ooru ilẹ̀ tó ń gòkè ló ń sọ ọ́ di hóró hóró, lẹ́yìn náà òmíràn á wá bọ́ lé e tó wúwo. Ẹ da gàrí sórí páànù tó dagẹ̀rẹ́ kí ẹ gbé páálí lé e, kí ẹ wá fi ìka kan tì í, ẹ máa rí ohun tí mò ń wí. Ti ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá yẹn, ẹni márùn-ún lè kọjá kó jẹ́ ẹni kẹfà ló máa tẹ ibi tó fẹ́lẹ́. Oòrùn náà lè mú kó túbọ̀ tú.

Fẹ́mi_Ìdànrè
Ṣé gbogbo òkè ló ń ya ni?

ỌmọOndó_Alberta
Rárá o Fẹ́mi. Ibi tó dagẹ̀rẹ́ bíi 30 sí 45 dígírì ló pọ̀ jù. Àpáta Ìdànrè tó dúró ṣánṣán yẹn, yìnyín ò ní lè pọ̀ lórí ẹ̀, á ti máa yọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kí tòkè wá bá a níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ tí ilẹ̀ dún "wúù" lábẹ́ ẹsẹ̀, tàbí tí yìnyín là níwájú wọn, kí wọ́n padà kíá.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì
Ẹ bi í bóyá ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní transceiver lára, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí yìnyín bo èèyàn mọ́, ọ̀pá tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá èèyàn, àti ṣọ́bìrì. Ẹni tí wọ́n bá wú jáde láàárín ìṣẹ́jú 10, ọ̀pọ̀ wọn ló ń yè, tó bá fi kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ̀mí ti fẹ́ bọ́ nìyẹn, torí ẹ̀ ẹ má retí hẹlikópítà, ọ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀ ló máa wú u.

ÌyáÌbejì_Àkúrẹ́
Mo ti pè é padà. Ẹni méjì péré ló ní ẹ̀rọ yẹn nínú wọn! Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní àwọn á lọ rìn ní etí adágún kan tó tẹ́jú, tí òkè ò sún mọ́. Mo ní kó ka ìkéde Avalanche Canada, àjọ tó ń kéde ewu yìnyín níbẹ̀, ti ọjọ́ Jímọ̀ sí mi létí lórí fóònù kó tó sùn, ó ní ó dáa.