Ṣóláà fún ṣọ́ọ̀bù ẹja mi ní Kétu: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹja dídì ni mò ń tà ní Kétu: fíríìsà méjì, fáànù kan. Bí iná bá ti lọ, àyà mi á já, torí ẹja kì í pẹ́ bàjẹ́.

Mo fẹ́ gbé ṣóláà sórí òrùlé páànù mi. Ẹni tó wá wò ó sọ pé ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí fíríìsà ń lò) 1,000 wáàtì ti tó. Ṣùgbọ́n fíríìsà máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra; ṣé ínfátà náà á lè gbé méjèèjì? Bátìrì olómi ni owó mi ká, wọ́n sì ní kò yẹ kí n lo iná inú rẹ̀ kọjá ìdajì. Ṣé kí n kúkú dúró títí màá fi rówó bátìrì lítíọ́ọ̀mù? Lásìkò ọyẹ́ ńkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń nu eruku páńẹ́ẹ̀lì yín lọ́sẹ̀?