Wọn kì í ṣe ayaba gbogbo wọn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe gbogbo obìnrin ààfin tẹ́nu wọn tólẹ̀ nínú ìjọba àwọn Fatimid ní Íjíbítì ní "ayaba". Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìyàwó ọba ni ayaba. Sitt al-Mulk kì í ṣe ìyàwó ọba kankan. Ọmọ al-Aziz tó jẹ́ kálífà, ìyẹn ọba àwọn Fatimid, ni, ẹ̀gbọ́n al-Hakim tó jẹ kálífà tẹ̀lé bàbá wọn sì ni.

Lọ́dún 1021, al-Hakim gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí òkè Muqattam lóru, a ò sì rí i mọ́. Ó ti fi ìbátan kan ṣe àrólé kó tó lọ. Sitt al-Mulk ní kí wọ́n mú onítọ̀hún, ó sì fi al-Zahir ọmọ al-Hakim jẹ, ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Sitt al-Mulk ló ń tukọ̀ ìlú títí ó fi kú ní 1023. Bẹ́ẹ̀, al-Hakim yìí ló fòfin de àwọn obìnrin mọ́lé, tó tún ní kí oníbàtà má ṣe bàtà obìnrin mọ́!

Adelé ló bá Sitt al-Mulk mu. Àwọn ará Àkúrẹ́ àti Èkìtì kò nílò àlàyé: bí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ṣe adelé. Ẹnìkan lè ní Sitt al-Mulk kò dé adé. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn náà kò sọ ọ́ di ayaba.

Ti Rasad ló ta kókó. Ẹrú adúláwọ̀ ni kó tó bí al-Mustansir fún al-Zahir, tó di kálífà lọ́mọ ọdún méje ní 1036. Nígbà tí al-Jarjara'i, olórí ìjòyè, kú ní 1045, ọwọ́ ìyá ni àṣẹ bọ́ sí. Ẹ ó ní "ìyá ọba". Ṣùgbọ́n l'Ọ́yọ̀ọ́, oyè ni Ìyá Ọba, ẹni tí kò bí ọba ni wọ́n sì ń fi jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ "ìyá kálífà".

Arwa ti Yémẹ́nì ńkọ́? Abẹ́ Fatimid ló wà lóòótọ́, síbẹ̀ wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ nínú kútúbà, ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀, ó sì wà lórí ìtẹ́ ní Jibla títí ó fi kú ní 1138. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ayaba, kó pè é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà tí ọkọ rẹ̀, al-Mukarram, ṣì ń ṣèjọba. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá ọkọ gúnlẹ̀, tó kó ìlú lé e lọ́wọ́, ọba ni.