Láti Mẹ̀dínà dé Hegra: ta ló ti lọ rí?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ta ló ti dé Hegra rí, ìlú àtijọ́ inú aṣálẹ̀ tó wà ní Al-Ula, ní Saudi? Èmi àti màmá mi ń lọ ṣe Ùmúrà, mo sì fẹ́ ká yà débẹ̀ láti Mẹ̀dínà. Ibojì tí àwọn Nabataean, ìran Lárúbáwá àtijọ́ kan, gbẹ́ sára àpáta ló wù mí, pàápàá Qasr al-Farid tó dá dúró láàárín yanrìn, tí wọn ò sì gbẹ́ parí: òkè rẹ̀ jọ̀lọ̀, ìsàlẹ̀ ṣì rí págunpàgun. Ṣé bọ́ọ̀sì ń lọ, àbí ká háyà mọ́tò? Orúnkún ń dun màmá mi, wọn ò lè rìn púpọ̀. Mo tún gbọ́ pé Ànábì kìlọ̀ pé ká má wọ ibùgbé àwọn Sàmúdù, ìran àtijọ́ tí Ọlọ́run pa run, tí wọ́n ní Hegra yìí ni wọ́n gbé, àfi pẹ̀lú ẹkún. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ ti lọ, báwo lẹ ṣe ṣe é?