Gaosan, kíláàsì àṣekágbá ní sẹ́kọ́ńdìrì, ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ o, ẹ gbà mí!

Àdùkẹ́ (Changsha): Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹni tó bá ṣì wà lójúfò, kó dákun dá mi lóhùn. Ẹ mọ̀ pé ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn níbí ní China láti ọdún kẹta. Tíṣà tó ń kọ́ gaosan ní Gẹ̀ẹ́sì ti lọ bímọ. Èyí tó yẹ kó dípò rẹ̀ ṣubú lórí ọ̀kadà oníbátìrì, ó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Ni banzhuren, olùkọ́ tó ń bójú tó kíláàsì wọn, bá wá bá mi ní kantíìnì lọ́sàn-án òní, ó ní ṣebí waijiao (tíṣà tó wá láti òkè òkun) ni mí, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ́ ìṣirò, kí n bá wọn mú un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ẹ̀rín yẹn.

Ọmọ 48 ni o! Oṣù kẹrin la wà yìí, June 8 ni wọ́n máa kọ Gẹ̀ẹ́sì nínú gaokao, ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Wọ́n ti kó ìwé ìdánwò jọ sórí tábìlì mi, ó ga tó ọmọ ọdún méjì. Mo mú ọ̀kan, mo ṣe wanxing rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń yan ọ̀rọ̀ sí àlàfo inú àyọkà, mo gba 11 nínú 15. Èmi tí mo gba A nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC! Mọ́ńdè ni mò ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́ wọn?

Ará Ìjẹ̀bú (Yiwu): 11 nínú 15 ń dẹ́rù bà ọ́? Lọ́jà wa níbí, ẹni tó bá jẹ èrè tó bẹ́ẹ̀ á pa màlúù.

Ìyá Ìbejì (Guangzhou): Má dá a lóhùn, bọ́tìnì ló ń tà. Àdùkẹ́, mu omi gbígbóná kó o jókòó. Jẹ́ n sọ ohun tó jẹ mí lówó fún ọ. 2014, wọ́n gbé irú kíláàsì yẹn fún èmi náà. Mo rò pé ohun tí wọ́n fẹ́ lára waijiao ni ká ṣeré ká rẹ́rìn-ín. Mo kó káàdì aláwọ̀ mèremère wọlé. Mo ní ká kọrin. Inú àwọn ọmọ dùn, wọ́n kọrin. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ ohùn sínú WeChat wọn: mélòó ni máàkì orin? Ta ló fún un láṣẹ láti kọrin lójú gaokao? Àjẹmọ́nú tí wọ́n ṣèlérí fún mi, mi ò fojú kàn án títí dòní.

Ọmọ Ìbàdàn (Wuhan): Ẹ kú ìrántí, Ìyá. Àdùkẹ́, mọ ibi tí máàkì wà ná. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 150, 120 ìṣẹ́jú. Gbígbọ́ 30, kíkà 50, wanxing 15, àlàfo girama 15, kíkọ 40. Nínú 50 ti kíkà, àyọkà mẹ́rin ló ní ìbéèrè 15, máàkì 2.5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Qixuanwu ló kó ìyókù.

Àṣìṣe tèmi rèé: mo máa ń ka àyọkà sókè bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ogójì ìṣẹ́jú, àyọkà kan ṣoṣo, agogo ti dún. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò àpapọ̀, kíláàsì mi ló gbẹ́yìn. Ọ̀gá ò bú mi o. Ó kàn lẹ èsì mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo wa ti ń bu omi.

Ohun tí mo wá ń ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn ni pé ìbéèrè ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà kí wọ́n tó ka àyọkà. Lẹ́yìn náà, ìdáhùn tí ọmọ bá mú, kó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó ti rí i. Bí kò bá rí ibi tó máa fa ìlà sí, kò ní ìdáhùn nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ó gbà á. Wọ́n gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ọmọ yìí. Bí àyọkà bá dá lórí oyin, ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa oyin ni wọ́n máa yàn, kì í ṣe ohun tó wà nínú àyọkà.

Àdùkẹ́ (Changsha): Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ sà. Qixuanwu yẹn ńkọ́? Òun gan-an ló yí mi lórí.

Ọmọ Ìbàdàn (Wuhan): Gbólóhùn méje, àlàfo márùn-ún, méjì jẹ́ ẹ̀tàn. Má jẹ́ kí wọ́n máa wá ìtumọ̀. Bí gbólóhùn kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú They, bi wọ́n pé ta ni They? Bí ẹni tàbí nǹkan tó ju ọ̀kan lọ kò bá sí nínú gbólóhùn tó ṣáájú àlàfo, kó kọjá síwájú. This, However, Besides, gbogbo wọn ló ní ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé, bí ìbejì.

Káyọ̀dé (Chengdu): Ẹ ṣáà má jẹ́ kó ṣe tèmi. Àlàfo girama, mẹ́wàá ni, 1.5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀: "He is one of the students who", àlàfo, "always late". Wọ́n ní kí wọ́n yí "be" padà. Èmi kọ "is" sójú pátákó gàdàgbà. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, tó máa ń jókòó nídìí fèrèsé, nawọ́ sókè: "Laoshi (tíṣà), are." Mo ní "is" ni. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ìdáhùn ní "are". Ojú ń tì mí, mo wá ní méjèèjì tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ tó ṣekú pa mí nìyẹn. Kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, fọ́tò pátákó mi ti wà lọ́wọ́ gbogbo òbí. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké, mo tún bẹ̀rẹ̀ "apple, banana".

Ṣadé (Taipei): Ṣùgbọ́n "is" náà ni mo mọ̀ o. One ló lọ́rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo.

Ìyá Ìbejì (Guangzhou): Ṣadé, rárá o. Students ni who tẹ̀ lé, kì í ṣe one. "Are" ni. Àfi tí wọ́n bá fi "the only one" sí i ni "is" fi lè wọlé. Ìbéèrè yìí ò kúrò lọ́wọ́ wọn, bí egungun lọ́wọ́ ajá.

Ọmọ Ìbàdàn (Wuhan): Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá kẹ́ ẹ wò ó. "Ó wà lára àwọn tó máa ń pẹ́ dé." Àwọn ta? Àwọn tó ń pẹ́. Ó parí.

Ará Ìjẹ̀bú (Yiwu): Kò parí níbì kankan. Ẹni tó pẹ́, àwọn tó pẹ́, "pẹ́" yẹn yí padà ni? Ẹ má fi Yorùbá jẹ́rìí ní kóòtù òyìnbó.

Ṣadé (Taipei): Ẹ gbọ́ ọ! Mo sì gbọ́ tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ń sọ "is". Kí ló dé tí Káyọ̀dé á fi jìyà nítorí pé ó sọ òtítọ́?

Káyọ̀dé (Chengdu): Ṣadé, o ṣeun, àmọ́ girama kọ́ ni mo ti ṣìnà. Ẹnu mi ni. Bí mo bá ní "ẹ jẹ́ n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, màá dá yín lóhùn lọ́la", wọn ì bá bọ̀wọ̀ fún mi. "Méjèèjì tọ̀nà", ní gaosan? Ọmọ tó ń sùn wákàtí mẹ́fà, tó ń wá 1.5 bí ẹni ń wá wúrà?

Ìyá Ìbejì (Guangzhou): Òun ni mò ń sọ. Ìtẹ́lọ́rùn tìrẹ kọ́ ni wọ́n ń wá. Kọ́kọ́rọ́ kan ló wà fún ilẹ̀kùn yẹn.

Ṣadé (Taipei): Irọ́ là ń kọ́ wọn nìyẹn. Mi ò gbà.

Ìyá Ìbejì (Guangzhou): Má gbà. Àdùkẹ́, gbọ́ èyí. Nǹkan kan wà tí ìwọ ní tí waijiao tó jẹ́ òyìnbó ò ní. Ọmọ á kọ "My mother, he is a nurse". Òyìnbó tí mo bá níbí máa ń mi orí, ó rò pé àìfarabalẹ̀ ni. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, torí ìyá mi ní Ṣàgámù máa ń pe pásítọ̀ wa ní "she" níwájú ìjọ. Ṣebí "ó" là ń pe akọ, là ń pe abo, là ń pe àga? Àwọn náà, tā ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu, orí ìwé nìkan ló ti yàtọ̀. Mo sọ èyí fún wọn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni èdè wa náà ṣe rí. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọkùnrin kan ní, "Laoshi, ṣé wọ́n na ẹ̀yin náà?" Mo ní wọ́n nà mí dáadáa.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. "Lọ" ò yí padà lẹ́nu wa, lánàá ni o, lọ́la ni o. "Qù", tí í ṣe "lọ" tiwọn, ò yí padà lẹ́nu wọn. Nítorí náà, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìṣe, kí wọ́n fi àmì róbótó yí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ ìgbà ká. A àti the ńkọ́? Ọkùnrin kan wọlé, ọkùnrin náà jókòó. Tiwọn ni yí gè, nà gè. Kì í bá a mu níbi gbogbo, àmọ́ ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìdajì àṣìṣe. Ti because àti so gan-an nìkan ló máa ń dùn mọ́ mi. "Nítorí pé òjò rọ̀, nítorí náà mi ò wá." Àwa méjèèjì là ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Although àti but náà nìyẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé òyìnbó ahun ni, ọ̀kan ṣoṣo ló ń fúnni, èyí tó bá wù ọ́ ni kó o mú.

Àdùkẹ́ (Changsha): Ìyá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ò bà mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣé girama ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè àbí kíkà?

Ọmọ Ìbàdàn (Wuhan): Kíkà. 50 ju 15 lọ.

Ṣadé (Taipei): Girama. 15 yẹn ló yá jù láti gbà. Ọ̀dọ̀ wa ní Taiwan níbí, January ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn, kò sí pé oòrùn June ń pa èèyàn.

Ará Ìjẹ̀bú (Yiwu): Taipei, ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ ò mọ gaokao, ẹ ò mọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì (Guangzhou): Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìlú tó ṣe dáadáa, Guangdong tiwa níbí ni. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe gbígbọ́ àti sísọ tiwọn, lọ́tọ̀.

Ọmọ Ìbàdàn (Wuhan): Guangdong tí ẹ ń jẹ oúnjẹ tí kò ní ata? Ìyá, ẹ jọ̀ọ́.

Káyọ̀dé (Chengdu): Ẹ bọ̀wọ̀ fún Chengdu tí ọ̀rọ̀ bá di ti ata.

Àdùkẹ́ (Changsha): Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fẹ́ já yín níyàn, àmọ́ ata Chengdu kì í ta. Ńṣe ló ń mú kí ètè kú bí ìgbà tí oníṣègùn eyín gún un lábẹ́rẹ́. Ti Hunan wa níbí ta! Ó jọ ti ilé.

Káyọ̀dé (Chengdu): Ọmọ tó ń wá ìrànlọ́wọ́ rèé o.

Ará Ìjẹ̀bú (Yiwu): Ata tó jọ ti ilé, iyán ńkọ́? Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni mo gún shanyao, iṣu àwọn ará China, tán, ó ń fà bíi ilá.

Ọmọ Ìbàdàn (Wuhan): Shanyao! Lójijì January 2020 ni mo tún rántí. Ọjọ́ 76 ni wọ́n tì wá mọ́lé torí Kòrónà. Nǹkan tí àwọn ará àdúgbò ń gbé wá sí ẹnu ọ̀nà ni shanyao àti ewébẹ̀. Mo gún un nínú ìkòkò ìrẹsì pẹ̀lú ìgò ọtí. Aládùúgbò mi kanlẹ̀kùn, ó rò pé mo ń fọ́ ògiri. Mo bù fún un. Ó jẹ ẹ́, ó ní "hái kěyǐ".

Káyọ̀dé (Chengdu): "Kò burú". Èèyàn dáadáa ni.

Ẹ mọ ohun tó máa ń ká mi lára? Aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí àwọn gaosan bá tú jáde láti ibi tí wọ́n ti ń dá kàwé, tí òbí ń dúró lórí ọ̀kadà, tí ẹnì kan di ọ̀dùnkún yíyan mọ́ àyà. Ńṣe ni mo máa ń rí ara mi ní Mọ́kọ́lá, tí mò ń ti kíláàsì JAMB bọ̀, tí wọ́n ti múná lọ, tí ìyá mi gbé fìtílà jókòó sí gbàgede pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà tí ó fi àwo dé.

Ṣadé (Taipei): Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin yìí. Omijé ti dé.

Ìyá Ìbejì (Guangzhou): Iṣu gidi wà lọ́dọ̀ ẹni tí mo mọ̀ ní àdúgbò Xiaobei níbí o, ó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àdùkẹ́, reluwé ayára-bí-àṣá ò ju bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lọ láti ọ̀dọ̀ rẹ. Wá lọ́la. Màá se ẹ̀fọ́.

Àdùkẹ́ (Changsha): Ẹ ṣeun mà. Mo fẹ́ wá gan-an. Ṣùgbọ́n kí ni kí n kọ́kọ́ kọ sójú pátákó ní Mọ́ńdè?

Ará Ìjẹ̀bú (Yiwu): Orúkọ rẹ.

Ọmọ Ìbàdàn (Wuhan): Ìyá, èló ni wọ́n ń ta iṣu yẹn?