Fáànù olómi ní họ́ọ̀lù ìnáwó n'Íkòròdú: ṣé omi inú rẹ̀ lè fa òtútù àyà?

Onígbọ̀ngàn_Sábó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Họ́ọ̀lù ìnáwó là ń bójú tó nítòsí Sábó, n'Íkòròdú. Fáànù olómi mẹ́rin la ní, irú èyí tó ń fín omi wínníwínní sára àlejò. Táńkì 40 lítà ló wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. A tún fa páìpù tín-ín-rín yí etí kánópì ìta ká, pọ́ǹpù ló ń ti omi gba ẹnu kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Omi bohóòlù ni, inú táńkì dúdú orí òrùlé ló ń gbà wá. A lè ṣe òde lónìí kí òmíràn má sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi á ṣì wà nínú fáànù.

Oníbàárà kan tó fẹ́ ṣe òkú ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní òun ò fẹ́ fáànù náà rárá, pé omi rẹ̀ máa ń gbé òtútù àyà wá. Ṣé òótọ́ ni? Fílítà wà lẹ́nu pọ́ǹpù o, omi náà sì mọ́ lójú.

Ẹlẹ́rọ_Omi

Òótọ́ ni oníbàárà yín sọ, ẹ má bá a jiyàn. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á ń jẹ́ Legionella. Ẹni tó mu omi náà kọ́ ló sábà máa ń mú. Ìgbà tí omi bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, téèyàn sì fà á símú, ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí i, nígbà tí àwọn ajagunfẹ̀yìntì ṣèpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, tí àìsàn náà sì pa èèyàn tó lé ní 25. Èyí tó jọ tiyín jù ni ti Bogalusa, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, lọ́dún 1989. Ẹ̀rọ tó ń fín omi sórí ẹ̀fọ́ nínú ilé ìtajà ló tú kòkòrò náà jáde, àwọn tó kàn wá ra ohun ọbẹ̀ ló dùbúlẹ̀ àìsàn.

Omi tó bá wà láàárín 20°C sí 45°C ló ń bí sí, ó sì fẹ́ràn 35°C sí 37°C jù lọ. Ẹ wo táńkì dúdú tó ń yáàrùn látàárọ̀: ibi tó wù ú gan-an nìyẹn. Nílùú olótùútù, àwọn tó ń yẹ omi wò á máa wá ibi tí omi ti lọ́wọ́ọ́rọ́ kiri. Ní tiwa, gbogbo omi tó bá dúró ló lọ́wọ́ọ́rọ́.

Ẹ ṣí ìdérí táńkì fáànù kan báyìí, kí ẹ fi ìka ra ara rẹ̀ nínú, níbi tí omi máa ń dé. Tó bá ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí ìgbà téèyàn fọwọ́ kan ilá gígún, ilé wọn lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Klorínì, ìyẹn oògùn apakòkòrò tó wà nínú bílíìṣì, kì í tètè wọ inú ohun yíyọ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí kíkọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á fi ṣe pàtàkì ju oògùn lọ. Tí omi bohóòlù yín bá sì jẹ́ irú èyí tó ń pupa bíi tíì tó bá sun inú báàkẹ́ẹ̀tì mọ́jú, irin wà nínú rẹ̀. Irin jẹ́ oúnjẹ fún kòkòrò náà, ó sì tún máa ń jẹ klorínì tán kó tó dé ara kòkòrò.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fílítà yẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ ń dá ìdọ̀tí tó tó máíkírọ́ọ̀nù 5 dúró (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Legionella ò fẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 1. Tẹ́ ò bá pààrọ̀ fílítà lásìkò, òun náà á di ilé wọn. Omi tó mọ́ lójú ò sọ nǹkan kan fúnni nípa èyí.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Tí òde bá parí, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ da omi inú táńkì nù, kí ẹ yọ ìdí rẹ̀ kó ro tán, kí ẹ sì ṣí ìdérí sílẹ̀ kó gbẹ. Tí òde mìíràn bá ku ọ̀la, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ pọn omi kún un, kí ẹ da bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn sí i. Tí ìwé ara ike bá ní 3.5% ni, 60 mílílítà ló máa tó 40 lítà, ìyẹn nǹkan bíi 50 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ẹ gbé fáànù síta níbi tí èèyàn ò sí, ẹ bo imú, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú kan péré kí omi náà lè dé inú páìpù àti ẹnu tó ń fín in. Ẹ pa á, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ dà á nù, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe fín omi oníbílíìṣì yẹn sára èèyàn láé, ó ń ta ẹ̀dọ̀fóró.

Omi tẹ́ ẹ máa wá fín lọ́jọ́ òde gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ omi kọ́kọ́ ṣàn dànù fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí èyí tó ti gbóná nínú páìpù lè jáde. Ẹ ra ṣíríńjì ní kẹ́místì, kí ẹ fi fa 0.6 mílílítà bílíìṣì kan náà sínú 40 lítà. Bébà tí wọ́n fi ń yẹ omi odò ìlúwẹ̀ẹ́ wò á sọ bóyá klorínì ṣì kù; ẹ máa wá 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan. Tó bá jẹ́ òdo, irin ti jẹ ẹ́ tán, ẹ wá omi míì.

Páìpù etí kánópì le ju fáànù lọ, torí ibi tí omi ò ti lè jáde ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi fáọ́ọ̀fù sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí gbogbo rẹ̀ lè máa ro dànù. Ẹnu tó bá dí, ẹ tú u, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà. Ṣùgbọ́n fínígà àti bílíìṣì ò gbọ́dọ̀ pàdé: èéfín tó máa jáde lè pani.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń jẹ́ kó pamọ́ ni pé kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 2 sí 10 ló sábà ń gbà, nígbà míì ó lè tó ọjọ́ 14. Àlejò ti padà sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì, ta ló máa rántí fáànù? Ibà líle, orí fífọ́, ara ríro, ikọ́ gbígbẹ, èémí tí kò délẹ̀. Àwọn kan á máa yàgbẹ́, àwọn kan á máa sọ ìsọkúsọ. Ibà ẹ̀fọn làwọn èèyàn máa ń pè é. Ó wá lọ jẹ́ pé amoxicillin táwọn èèyàn ń rà fúnra wọn ò ràn án, torí inú sẹ́ẹ̀lì ara ni kòkòrò náà sá sí. Azithromycin àti levofloxacin ń ràn án, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Kí aláìsàn sọ fún dókítà pé òun jókòó síwájú fáànù olómi.

Kì í sábà ràn láti ara èèyàn sí èèyàn, nítorí náà kí ẹ má sá fún aláìsàn. Àwọn tó léwu fún jù ni ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, amusìgá, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Níbi òkú àgbà, àwọn gan-an lẹ máa ń fi sí ìlà iwájú, níbi tí fáànù wà.

Onígbọ̀ngàn_Sábó

Ẹ ṣé gan-an ni. Yìnyín ńkọ́? Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń ju yìnyín bíi mẹ́ta sínú táńkì. Ṣé òtútù rẹ̀ ò ní pa á?

Ẹlẹ́rọ_Omi

Kò ní pa á. Omi tó tutù ju 20°C kàn ń jẹ́ kó sùn ni. Bí yìnyín bá ti yọ́ tí omi tún lọ́wọ́ọ́rọ́, á jí. Omi tí wọ́n fi ṣe yìnyín náà ńkọ́, àti ilẹ̀ tí wọ́n ti fọ́ ọ? Ẹ fi sínú kúlà ọtí.

Alánífáànù_Àgbádárìgì

Ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Létí ọ̀sà lọ́dọ̀ wa níbí àti lọ́dọ̀ yín n'Íkòròdú, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, pàápàá lásìkò òjò. Gbígbẹ tí omi ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ ló ń mú ibẹ̀ tutù. Tí afẹ́fẹ́ ò bá rí i gbà mọ́, aṣọ òkè àti gèlè nìkan ló máa rin. Ìgbà ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lóṣù Kẹfà, fáànù ńlá tí kò lómi ni kí ẹ tò, kí ẹ sì ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Tó bá sì jẹ́ yíyá lẹ fẹ́ yá fáànù olómi, ẹ má gba èyí tí wọ́n bá gbé dé pẹ̀lú omi nínú. Ẹ gbé e mì níwájú ẹni tó gbé e wá. Tó bá dún pọ̀ọ́pọ̀ọ́, ẹ dá a padà.