Màmá Youn Yuh-jung àti ìrírí wàkàpáàsì kan

Ìbéèrè tí a bi wá níbí ni pé òṣèré Kòríà wo ni iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀ wá lọ́kàn. Àwọn tí ó ti sọ ìrírí tiwọn ṣáájú mi dá lé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà inú eré Kòríà, ẹ jẹ́ kí èmi mú ìyá àgbà kan wá sí àárín ọ̀rọ̀: màmá Youn Yuh-jung, òṣèrébìnrin ará Gúúsù Kòríà. Iṣẹ́ tíátà ni èmi náà ń ṣe, àmọ́ wàkàpáàsì ni mí: èmi ni ìyá ọlọ́jà tí ó ń dúró lẹ́yìn olú ẹ̀dá ìtàn, tàbí aládùúgbò tí ó wá bá wọn sunkún níbi òkú, tí ẹ kò sì ní rí mọ́ títí eré yóò fi parí. Ní lọ́kéṣọ̀n kan ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń dúró de ẹni tí ó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, ni ọmọbìnrin tí ó ń kun àtíkè fún wa ti fi fíìmù Minari hàn mí lórí fóònù rẹ̀.

Soon-ja ni màmá Youn Yuh-jung ṣe níbẹ̀, ìyá tí ó ti Kòríà wá bá ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ní Arkansas ní Amẹ́ríkà, tòun ti ata gígún àti ẹja gbígbẹ nínú ẹrù. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò gbà pé ìyá àgbà gidi ni, nítorí pé kò mọ bísíkíìtì í ṣe, ó ń fi káàdì ṣeré, èébú sì ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà gbé ìtọ̀ ara rẹ̀ fún un mu dípò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, igbe ni mo ń retí, torí pé bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n gbé irú ipa bẹ́ẹ̀ fún, olùdarí wa yóò ní kí n ká ọwọ́ lérí, kí n ké dé ìta. Ìyá yìí kò ké. Ńṣe ni ó ń gba ọmọ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgba. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ sì kọlù ú, kò sí ibì kan tí ó ti ń tọrọ àánú lọ́wọ́ òǹwòran.

Ohun tí mo kà nípa màmá Youn fúnra wọn lẹ́yìn náà ni kò jẹ́ kí n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ọdún 1947 ni a bí wọn sí Kaesong, ìlú tí ó ti bọ́ sí apá Àríwá Kòríà báyìí. Ní 1966 ni wọ́n wọ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TBC. Ní 1971, olùdarí Kim Ki-young fi wọ́n ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú fíìmù Woman of Fire, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ nítorí rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fẹ́ olórin kan, tí wọ́n bá a lọ sí Florida, tí wọ́n bí ọmọkùnrin méjì, tí iṣẹ́ eré sì dúró. Nígbà tí wọ́n padà sílé ní àárín àwọn ọdún 1980, tí ìgbéyàwó náà sì tú ká, àwọn òǹwòran ń fi ẹjọ́ sun tẹlifíṣọ̀n pé ẹni tí ó ti kọ ọkọ kò yẹ ní obìnrin tí à ń gbé sójú wọn. Ṣé Seoul ni à ń sọ ni, àbí ìlú tiwa? Wọ́n gba ipa ńlá, wọ́n gba ipa kékeré, ohunkóhun tí ó bá ti lè bọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ti sọ ọ́ fúnra wọn pé, nítorí pé wọn kò kọ́ eré ṣíṣe ní ilé-ìwé, bí Bíbélì ni ìwé eré rí lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má baà di ìdíwọ́ fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí mo ti ka ìyẹn ni mo ti ń ka ìwé eré láti òkè dé ilẹ̀, ì báà jẹ́ gbólóhùn mẹ́ta ni tèmi níbẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ fún wa ní ìwé náà rárá.

Lẹ́yìn tí wọ́n pé ọmọ ọdún 60, wọ́n pinnu pé ẹni tí ó bá wu àwọn ni àwọn yóò máa bá ṣiṣẹ́, owó ìbáà wà, ìbáà má wà. Ní 2010, wọ́n tún ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀, àgbàlagbà lọ́tẹ̀ yìí, nínú The Housemaid, tí ó jẹ́ àtúnsọ ìtàn kan náà tí Kim Ki-young fi ṣe Woman of Fire. Ní 2016, wọ́n ṣe ìyá arúgbó tí ó ń ta ara rẹ̀ fún àwọn bàbá arúgbó ní Seoul, nínú The Bacchus Lady. Ọ̀pọ̀ ìyá nínú ẹgbẹ́ wa yóò sá fún irú ipa bẹ́ẹ̀. Kò tíì dá èmi pàápàá lójú pé n óò gbà á.

Oscar, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbà fún Minari ní oṣù kẹrin ọdún 2021 ni gbogbo ayé mọ̀, àwọn ni òṣèré Kòríà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Wọ́n dárúkọ Kim Ki-young níbi ayẹyẹ náà, wọ́n sì ní àwọn ọmọ àwọn ni ó lé àwọn lọ síbi iṣẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú eré tẹlifíṣọ̀n Pachinko ní 2022 ju ìyẹn lọ. Sunja ni wọ́n ṣe níbẹ̀, ọmọ Kòríà tí ó ti darúgbó sí ilẹ̀ Jàpáànù; ó fi ìrẹsì kan ẹnu nílé ẹlòmíràn, ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìrẹsì Kòríà ni, ìrẹsì tí ó ṣòro fún àwọn tálákà Kòríà láti rí jẹ nígbà tí Jàpáànù ń mú wọn sìn. Ẹnu tí ó dúró lórí jíjẹ nìkan ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo Minari, kò ju bíi wákàtí méjì lọ. Ẹ má ṣe wo The Bacchus Lady níbi tí àwọn ọmọdé wà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ ibi tí a ti lè rí àwọn eré tẹlifíṣọ̀n tí màmá Youn ṣe ní òpin àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú ìtumọ̀ lábẹ́ àwòrán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, nítorí àwọn ipa kéékèèké ìgbà náà ni mo fẹ́ rí.